Ikùn Alága

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹta
Ìnáwó ọ̀sẹ̀ yìí: ìlédìí ọmọ 2,400 (ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀!), ọṣẹ 600, oògùn inú 900. Búrẹ́dì: ọ̀fẹ́ — ilé búrẹ́dì ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ku 5,150.
Ọmọ wa, Alága, pé ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú bíi ti alága ẹgbẹ́, apá tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Kílò mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mẹ́sàn-án náà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ìyá ọkọ mi wá. Wọ́n ní, "Ikùn yìí wù mí! Ọmọ tó ń jẹun yó nìyí." Mo ní, "Mààmi, ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ ná." Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ — ìgbẹ́ funfun, tó ń dán bí òróró, òórùn tó lé ológbò jáde. Wọn ò yìn ín mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Dókítà wo ìdí rẹ̀ tó hunjọ bí àpò tí kò sówó. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Mo kà á lórí ìka: oṣù méje sẹ́yìn, kété tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì. Ó ní nǹkan kan wà nínú àlìkámà, ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, tí ìfun àwọn ọmọ kan kì í gbà. Wọ́n á jẹun, kò ní dúró lára. Kí a wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. 7,500! Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ — èmi ti ń ṣírò iye aṣọ tí mo máa rán kí ó tó pé.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo gba búrẹ́dì lẹ́nu Alága. Ìrẹsì, ẹyin, ọ̀dùnkún. Ọkọ mi bínú: "Búrẹ́dì tí mo fi fẹ́ ọ lo wá ń lé?" Mo ní òun ni mo fẹ́, kì í ṣe búrẹ́dì — bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì kì í hanrun.

Ọjọ́ Ajé, 18
Alága rẹ́rìn-ín! Ìlédìí mẹ́ta péré lójúmọ́. Ó ń lé ológbò yí àga ká.

Ọjọ́bọ̀, 28
Nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ mú. "Màmá, ṣé ó ń jẹ búrẹ́dì dáadáa?" Mo gbé àyà sókè: "Ọjọ́ méjìdínlógún gbáko, èérún kan ò kàn án lẹ́nu!"
Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Dókítà ò sọ fún yín pé ẹ má dá a dúró ṣáájú àyẹ̀wò?"
Ó sọ ọ́. Ìgbà tí mò ń ṣírò ni. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ní kò sí nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ padà sí i — ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Orí mi mọ ìṣirò, etí mi ni kò lọ sílé ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹrin
Ikùn ti padà. Ìlédìí mẹ́jọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bu búrẹ́dì sí i lẹ́nu. Má bínú, Alága.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Karùn-ún
Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. 7,500 lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Èsì dé: àlìkámà náà ni. Kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà mọ́ láéláé — ṣùgbọ́n á sanra, á ga. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.
Dókítà wá kọjú sí wa: àìsàn yìí máa ń bá ìdílé rìn, kí àwa méjèèjì náà wá ṣe àyẹ̀wò tiwa. Ọkọ mi wo ọwọ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà lábẹ́ èékánná. "Dókítà, tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"
7,500 lọ́nà méjì: 15,000. A ò tíì san.