Orin Tí Ìtùnú Fi Kọ Ebè

Ìtùnú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó ńbẹ̀? Ṣé ò ń jẹun dáadáa, àbí búrẹ́dì náà lo ṣì ń fi tan ikùn jẹ? Àwa tá a wà ní Ọ̀kà níhìn-ín, ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí mo bá ń dìde, ìyẹn náà sì ti di ojúlùmọ̀ mi. Màmá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, akọ kan, abo kan. Ọlọ́run tó ń di àwọn àpáta òkè wa mú tí wọn kò fi yí lu ilé wa, òun náà ni yóò máa di ọ́ mú. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Ẹni tó bá sì dúró pé òun fẹ́ rí ìṣubú rẹ, yóò dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Àmín.

Fọ́ọ̀mù tí o fi rán Ọdúnayọ̀, awakọ̀ tó ń ná Èkó sí Ìkàrẹ́, ti dé ọwọ́ mi. Mo ka ìwé tí o kọ mọ́ ọn, mo tún un kà. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ díjéè sílẹ̀, pé o fẹ́ lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn adójútòfò, pé kí n tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù kí n lè jẹ́ onídùúró rẹ. O ní ọ̀gá kílọ́ọ̀bù tí o ti ń lu orin tẹ́kínò rẹ, orin ìlù ẹ̀rọ tí àwọn ará Jámánì fẹ́ràn yẹn, sọ pé òfo ti pọ̀ jù nínú orin rẹ, pé o kì í tètè gé orin, o kì í pariwo, ó sì ti gbé ọjọ́ tìrẹ fún ẹlòmíràn. O wá fi fídíò tìrẹ àti ti àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kárí ayé ránṣẹ́ sí fóònù màmá rẹ, pé kí n fojú ara mi rí i pé o kò tó wọn. Ó dáa, mo ti rí wọn. Mo wò wọ́n tán, mo sì dán wọn wò. Wá ibi kan jókòó sí kí o gbọ́ bó ṣe lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti fọ́ọ̀mù. Mo ti kọ ọ́ dé ibi tó yẹ. Wọ́n béèrè pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀ ọ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí o tó ní eyín. Wọ́n ní kí n lẹ fọ́tò ara mi mọ́ ọn, mo fi èyí tí gbogbo wa yà lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì fàlà yí orí ara mi ká kí wọ́n má baà fi mí pe àbúrò mi. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ilé, mo ní kí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àpáta kí wọ́n béèrè Nathaniel oníṣu, ọmọdé ibẹ̀ pàápàá á mú wọn wá. Ibi ìtọwọ́bọ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Tíṣà Nafisah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, tó gba yàrá lọ́wọ́ wa, ló bá wa ṣí fídíò náà. Tìrẹ la kọ́kọ́ wò. Bí mo ṣe rí ọ, mo rí i pé o fi nǹkan dí etí kan, èkejì wà ní gbangba, o sì gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá rẹ figbe ta pé yéè, etí ń dun ọmọ òun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni! Ó ti bu àdín sínú ìgò kékeré, Ọdúnayọ̀ á mú un wá, kí o máa kán an sí i láàárọ̀. Nafisah rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò sí etí tó ń dunni, pé etí tí o bò lo fi ń gbọ́ orin tó ń bọ̀, èyí tí o ṣí lo fi ń gbọ́ èyí tó wà nílẹ̀, kí o lè so wọ́n pọ̀ láìjẹ́ kí ìlù já.

Ìtùnú, mo ní kó tún un fi hàn mí. Ìyá mi ni mo rí yẹn! Ọmọdé ni ọ́ nígbà tí ìyá àgbà rẹ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti kọ ebè ní Ọ̀kà yìí mọ̀ ọ́n. Òun ló ń dá orin fún wa níbi ọ̀wẹ̀ tí gbogbo àdúgbò bá pé jọ sóko ẹnì kan. Kò ní mú ọkọ́ o, orin ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí orin yí padà, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí kan, á máa fetí yẹn wá ohùn ẹni tó fẹ́ gbà á, ẹnu rẹ̀ á sì máa bá tiwa lọ. Orin kan á jáde, òmíràn á wọlé, ogójì ọkọ́ á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan kò ní ṣì í. Ibẹ̀ lo ti mú un, kì í ṣe Jámánì. Síbẹ̀, kán àdín náà sí i, kò lè pa ọ́ lára.

Nafisah ní àtàǹpàkò kan wà lábẹ́ fídíò náà, pé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Màmá rẹ tẹ̀ ẹ́, ó kú. Mo pe Fákúnlé ọ̀rẹ́ mi láti ìta, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tàn, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó kú. Nafisah ní ẹnì kan ṣoṣo ni fóònù kan lè tẹ̀ ẹ́ fún. Mo bi í pé irú ìdìbò wo nìyẹn, tí gbogbo ìdílé á ní ìka kan ṣoṣo? Mo ti ní kó tẹ̀ ẹ́ kó tàn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ló kan oko mi láti ṣọ̀wẹ̀. Ìyá Adùnọlá, tó gba orin lọ́wọ́ ìyá mi, ni òtútù mú, ohùn rẹ̀ há. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ tí kò lórin, ìyà ni, oníkálukú á máa gbé ọkọ́ bó ṣe wù ú, ìjà á sì dé. Mo wá rò ó pé ṣé èmi kọ́ ni mo bí ẹni tó ń dá orin ni? Mo ní kí Nafisah mú fóònù bọ̀ lóko. Hámzàt, tó ń ta oògùn eku lórí alùpùpù káàkiri Ìkàrẹ́, gbé sípíkà rẹ̀ wá. Okùn kankan kò so fóònù mọ́ sípíkà náà o, atẹ́gùn ni orin náà ń gbà kọjá! Mo kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má ṣe gba àárín wọn kọjá kí wọ́n má baà já orin náà, a sì ń yípo gba ẹ̀yìn igi ìrókò lọ bu omi ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Fákúnlé ní òun kò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ dá orin fún ọkọ́ òun. Nígbà tó rí i pé mi ò gbà, ó ní ó dáa, ká dán gbogbo wọn wò, kí ti ọmọ mi kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú. Mo ní kò burú.

Ará Amẹ́ríkà la fi bẹ̀rẹ̀, bàbá kan tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi, láti ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Háà, ọwọ́ bàbá yẹn yá! Orin kò tíì jókòó tó ti já a gbà, ó ti mú òmíràn, nígbà mìíràn mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí fìlà fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ́ kò lè bá a lọ. Fákúnlé gbé ọkọ́ sókè nínú orin kan, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú òmíràn, díẹ̀ ló kù kó gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. A gbé ará Jámánì sí i. Ìyẹn ní sùúrù, ó máa ń jẹ́ kí orin méjì jọ rìn pẹ́ títí o kò fi ní mọ èwo ni onílé, èwo ni àlejò. Dúdú ni gbogbo àwọn oníjó rẹ̀ wọ̀, mo bi Nafisah pé ta ló kú, ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ebè rẹ̀ tóbi, ó dára. Àfi ìgbà tó yọ ìlù kúrò pátápátá tó ku nǹkan tó ń fẹ́ bí atẹ́gùn, la bá rò pé ó ti tán, gbogbo wa na ẹ̀yìn, a lọ mu omi. Ìgbà tí ìlù fi padà dé, kò bá ẹnikẹ́ni lóko.

Ará Jàpáànì ní tirẹ̀, orin rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ dúró wò ó ni, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀, àwa náà bá dúró, a ń wo fóònù. A kò kọ ebè kan. Ti Gúúsù Áfíríkà, hẹ̀ẹ́! Kì í kánjú rárá, ìbàdí ni orin rẹ̀ ń bọ́ sí. Wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n jó, màmá rẹ náà jó, mi ò mọ̀ pé ìbàdí yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n jó ebè méjì mọ́lẹ̀. Ló bá ku ti Èkó, ẹni tí ọ̀gá rẹ gbé ọjọ́ rẹ fún. Bí orin bá ṣe ń dùn ló ń gé e, ẹnì kan á sì máa pariwo orúkọ àwọn olówó lé e lórí. Gbogbo ìgbà tó bá ti pariwo la máa ń dúró gbọ́ bóyá ó máa kan ẹnì kan nínú wa. Kò kan ẹnikẹ́ni. Inú bí Hámzàt, ó ní òun tí òun ni sípíkà, wọn kò dárúkọ òun.

Mi ò bú wọn o. Kálukú wọn mọ̀ ọ́n ṣe níbi tó ti ń ṣe é, níwájú àwọn tó ń ṣe é fún. Oko mi nìkan ni wọn kò mọ̀.

Ó kan tìrẹ. Ìlù rẹ dún, gbì, ó dákẹ́ díẹ̀, gbì, ó tún dákẹ́. Fákúnlé wò mí, ó béèrè bóyá kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Mo gbọ́ òfo tí ọ̀gá rẹ ń wí, Ìtùnú, mo gbọ́ ọ, ojú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ìgbà yẹn ni Ìyá Adùnọlá, tó fi aṣọ bo ara jókòó lábẹ́ igi, fi ohùn rẹ̀ tó há yẹn dá orin ebè, ààbọ̀ gbólóhùn péré. Ó bọ́ sínú àyè yẹn rẹ́gí! Àwa náà gbè é. Ìlù rẹ kò tì í, kò bò ó. Bí ìyá bá sinmi, ìlù rẹ á máa dì í mú dè wá, bó bá tún dá a, ìlù rẹ á yàgò fún un. Nígbà tí orin yí padà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Fákúnlé búra pé orin kan ṣoṣo ni, Nafisah ní mọ́kànlá ni. Mọ́kànlá! Ogójì ọkọ́ ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti ayé ìyá mi. Mo nu ojú, mo ní eruku ni. Kí oòrùn tó kàntàrí, a ti kọ oko náà tán, títí kan apá tí mo ní ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kì í ṣe òfo, àyè ni. Àwọn yòókù ti sọ gbogbo tiwọn tán, kò síbi tí èèyàn á ti fẹnu sí i. Ìwọ fi àyè sílẹ̀ fún wa. Wo fọ́ọ̀mù tí àwọn adójútòfò fi ránṣẹ́, ṣé kì í ṣe ojú ìwé funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó pè é ní òfo, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ lèmi á ti sọ tèmi.

Àwọn ará Ìkáràm ti gbọ́, wọ́n ti wá béèrè bóyá wàá dá orin fún tiwọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ọwọ́ rẹ dí. Jọ̀ọ́, ṣe èyí tó gùn ju wákàtí kan lọ ránṣẹ́ fún ìgbà oko ríro, nítorí ìgbà tí èyí tán lójijì, ọkọ́ gbogbo wa wà lókè, a kò mọ ìgbà tó yẹ ká sọ̀ ọ́, àfi ìgbà tí Nafisah tún un bẹ̀rẹ̀. Bí owó díẹ̀ bá sì wà lọ́wọ́, fi ránṣẹ́ ká fi ra bátìrì fún sípíkà Hámzàt, ó ní orin rẹ ló mu tòun gbẹ. Má gbàgbé ìpara orúnkún mi.

Ìwọ náà mọ àṣà wa, pé ẹni tó bá dá orin lọ́wẹ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ìlà ebè méjì ni tirẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n má baà ní mo ń ṣe fọ́nńté. Fákúnlé fúnra rẹ̀ ló dìde, ó ka ìlà méjì, ó gbin èbù sí i, ó sì fi igi gún ìkángun rẹ̀ pé ti Ìtùnú nìyí. Mo débẹ̀ lánàá, èyí àkọ́kọ́ ti hù.

Fọ́ọ̀mù rẹ wà nínú àpòòwé yìí. Bí o bá ka èyí tán tó ṣì jẹ́ pé ọ́fíìsì lọkàn rẹ fẹ́, mi ò ní fipá mú ọ, mú un bọ̀ wálé, màá tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú rẹ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣu bá ta ni kí o wá, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá ẹni tó dá orin wa iṣu rẹ̀, ìwọ ni wàá wà á.

Ọlọ́run yóò fi àyè gbà ọ́ níbi gbogbo, bí o ṣe fi gba àwọn ẹlòmíràn. Ìlù rẹ kò ní já.

Èmi ni bàbá rẹ, Nathaniel,
elégbè rẹ.