Lẹ́ǹsì Tí Mọ́mì Pè Ní Ìwòsàn

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì 2006

Àǹtí Bernice fi lẹ́ǹsì sí mi lójú lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù awò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Apple Junction. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣẹ́jú dà á nù. Wọ́n ní, "Tèmilọlá, wọn ò fẹ́ jí ojú ẹ gbé. Là á." Nígbà tó wọlé tán — mo ka orúkọ tó wà lára bọ́ọ̀sì lódìkejì títì. Mo rí ewé igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omijé dé. Wọ́n ní kí n má fi ẹkún ṣàn án dànù.

N kò tíì sọ fún Mọ́mì. Wọ́n á ní wọ́n ti ki ike bọ̀ mí lójú. Màá sọ ọ́ tó bá di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́rú, 8 Fẹ́búárì

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo rí bọ́ọ̀dù. Kò sí awò tó ń yọ̀ lórí imú tí mo bá làágùn. Ooru tíì kò bo ojú awò mọ́. Mo tún ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí ẹni tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìgò. Síbẹ̀, mo ń sáré lọ wo dígí ṣáá, bóyá Táyé ti já bọ́. (Táyé ni ti ọ̀tún, Kẹ́hìndé ni ti òsì.)

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Fẹ́búárì

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Mọ́mì béèrè aago. Láti orí àga mo wo ògiri, mo ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje. Awò mi wà lórí tábìlì. Wọ́n wo awò, wọ́n wò mí, wọ́n kúnlẹ̀. Nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún tí ṣọ́ọ̀ṣì gbà ní Jánúárì, ojú mi ni wọ́n kọ sínú ìwé àdúrà wọn. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Àmín ni mo wí.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Fẹ́búárì

Mọ́mì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ojú mi ti sàn. Pásítọ̀ ní kí n ka bánà tó wà lẹ́yìn pátápátá. Mo kà á. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde pàtẹ́wọ́.

Èmi ò ṣáà purọ́. Mo kan ka bánà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Fẹ́búárì

N kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 16 Fẹ́búárì

Mọ́mì mú ìròyìn ayọ̀ wálé. Ìyá Kọ́ládé, ọ̀rẹ́ wọn ní Ijegun-Egba, ti gbọ́ ẹ̀rí náà, wọ́n sì ti da oògùn ojú wọn nù — èyí tí dókítà ní kí wọ́n máa kán sójú tàárọ̀-talẹ́, torí àìsàn tó ń jẹ ojú wọn láti ẹ̀gbẹ́. "Ẹni tó ṣe é fún Tèmi á ṣe é fún mi," ni wọ́n wí.

Mo sáré lọ bá Àǹtí Bernice. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èyí tó bá ti lọ nínú irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í padà, kí n lọ sọ fún Ìyá Kọ́ládé lónìí.

N kò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Fẹ́búárì

Mo lọ. Mo yọ Táyé níwájú Ìyá Kọ́ládé, mo gbé e sórí ìka. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ da oògùn nù nìyí?" Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

Mo na ìka mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Wọ́n ní méjì. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló ti rí tẹ́lẹ̀. Àwọn náà ò mọ̀.

A jọ lọ sí kẹ́míìsì. Orí ìdúró ni wọ́n ti kán oògùn náà sójú. Wọ́n wá bi mí pé, "Àwọn yòókù tó gbọ́ ẹ̀rí yẹn ńkọ́?"

Ọjọ́ Àìkú, 19 Fẹ́búárì

Mo sọ fún Mọ́mì láàárọ̀. Wọ́n ń wé gèlè wọn lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì mo gba máìkì. Mo ní lẹ́ǹsì ni mo fi ń ríran, kí ẹni tó bá ń lo oògùn jọ̀ọ́ má dá a dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ gbé orin.

Nígbà tí à ń lọ sílé, Mọ́mì jókòó síwájú bọ́ọ̀sì, èmi wà lẹ́yìn. Wọn ò wẹ̀yìn. A sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ṣáájú mi lọ. Létí títì, wọ́n dúró. Wọn ò wò mí. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn kí a lè jọ sọdá.