Aṣọ Lómẹ́ Nínú Àpótí Ìyàwó Mi

Ìsọlọ̀, oṣù kọkànlá, 1976

Ìyá Wàsílátù, ìyàwó mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Ísẹ́yìn? Èmi wà dáadáa. Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé Jìnádù ọ̀rẹ́ mi ra aṣọ bọ̀ láti Lómẹ́, ó sì fún ọ ní ọ̀pá mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣeun. N kò bínú. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé ọ̀pá mẹ́fà ló ń tó ọ?

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ aṣọ sọ pé àwọn ìjọba ti ṣe àdéhùn, pé aṣọ tí à ń hun n'Ísọlọ̀ níbí yóò máa tà dé Tógò. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn wá. Àṣé aṣọ Tógò ni yóò kọ́kọ́ dé inú àpótí ìyàwó mi!

Ṣé o rántí pé bàbá mi kò jẹ́ kí ìyá mi ró aṣọ tí kì í ṣe òun ló hun ún?

Aṣọ wa kò tà mọ́, ilé iṣẹ́ ní ká lọ sinmi nílé ná, ara mi sì ti balẹ̀ dáadáa. Aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ mi hun kẹ́yìn.

Bá mi kí ìyá mi àti àwọn ọmọ. Kí Jìnádù náà. Ọjọ́ tó bá tún yà sílé, tèmi ni kí o ró.

Àyànníyì, ọkọ rẹ