Ìwé Òfìfo Mẹ́rin Tí A Fọwọ́ Sí Fún Bọ̀ọ̀dá Ràímì

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sábó, Zaria níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Súlè àti ìyàwó rẹ̀, mo kí àǹtí mi tó ń tọ́jú yín. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí gbangba ni wọ́n ti sọ èyí tí wọ́n sọ nípa mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò. Àwa mẹ́sàn-án tí à ń se tòmátì sínú ọ̀rá ní Zaria dá ₦35,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ₦315,000. Lọ́yà gba ₦180,000. Ọkọ̀ Àbújá lẹ́ẹ̀mejì, ₦48,000. Ibi tí a sùn sí, ₦30,000. Títẹ ìwé àti ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Samaru, ₦12,500. Ó ku ₦44,500, ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Ràímì ló wà. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni. Kí àwọn tó kù lè mọ̀: òun ló mú mi wá sí Zaria lọ́dún tí ọkọ mi kú, òun ló fi mí mọ ọjà, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí a torí rẹ̀ dá owó nìyí. ₦9,000 ni mò ń ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan. Gáàsì, ọ̀rá àti owó alábàárù, ₦3,400. Ogún ọ̀rá ló ń jáde nínú rẹ̀, ó já sí ₦620 lórí ẹyọ kan kí n tó jẹ èrè kọ́bọ̀. Ti òkèèrè tó tóbi bákan náà, tó tún wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ₦480 ni wọ́n ń tà á. Mo ṣírò títí, mo rò pé orí mi ni kò pé. Màlámù Sànì tó ń ta tòmátì fún mi ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tòmátì òkèèrè ní bàbá nínú ìjọba, pé ọmọ òrukàn ni tiwa.

Òótọ́ ló kúkú sọ. Lọ́yà là á yé wa pé ìjọba ìlú wọn ń fún àwọn tó ń ṣe é lówó ìrànwọ́, àti pé òfin fàyè gba ìjọba tiwa láti bu iye ìrànwọ́ yẹn lé owó ibodè. Ká ní ₦150 ni wọ́n fi ran ọ̀rá kan, ₦150 náà la lè bù lé e, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tiwọn á di ₦630, tèmi ₦620. Ẹni tó bá wá fẹ́ràn tiwọn, kó rà á. Ṣùgbọ́n òfin kì í gba ẹkún lásán. Àwa tí à ń ṣe irú ọjà yẹn nílé ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀sùn wá, ká fi hàn pé ìrànwọ́ wà, pé ọjà wa ń bàjẹ́, pé ìrànwọ́ yẹn ló sì bà á jẹ́.

Ìwé ìṣirò mi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. 1,400 ọ̀rá ni mo ti tà ní ₦480 kó má baà bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àdánù ₦140 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦196,000 lápapọ̀. Bọ̀ọ̀dá yìn mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní ká ní báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ni, ọ̀gá ibẹ̀ ì bá ti sá lọ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, n kò ní fi pamọ́. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá fẹ́ lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀kejì, lọ́yà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn náà níbẹ̀ lè tún béèrè ìwé sí i. Èmi ni mo ṣírò pé bó bá tún ní láti padà wá gba ìfọwọ́sí wa, ₦24,000 mìíràn ti lọ nìyẹn. Mo ní ká kúkú fọwọ́ sí ìwé òfìfo mẹ́rin, kó máa gbé e lọ. Ìyá Líádì ará Ọ̀fà, tó dàgbà jù nínú wa, béèrè pé ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé tí kò lọ́rọ̀ nínú. A fi í rẹ́rìn-ín. A ní ṣé ọmọ ìlú ẹni, tí a jọ ń kírun lẹ́yìn ìmáàmù kan náà, ló fẹ́ máa bi ní rìsíìtì. Ojú tì í, ó fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́ta kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ra káàdì ₦200, mo pe lọ́yà. Ẹnu yà á. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé a ti yọ ẹ̀sùn wa kúrò ni. Ó ka ìwé náà sí mi létí: àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sọ pé ọjà òkèèrè kò pa wá lára mọ́, kí wọ́n má wulẹ̀ wádìí. Orúkọ mi ni ìkẹta, ìfọwọ́sí mi ló sì wà níbẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá. Páálí tòmátì òkèèrè kan àjà. Àwọn tó ń kó o wọ̀lú ti sọ ọ́ di alágbàtà wọn fún gbogbo Zaria. Kò sẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé mínírà fún mi. Ó ní haba, Sàfú, bí ẹnì kan bá là nínú ẹbí, ṣebí gbogbo ẹbí ló là. Pé òun á máa fún mi ní ₦460, kí n máa tà á ní ₦480. Ogún náírà, Ìyá mi. Mo bi í pé ìwé wa ńkọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló dábàá ìwé òfìfo?

N kò mu mínírà náà. Ká ní ará òkèèrè ló ṣe é, n kò ní bínú tó báyìí. Wọ́n ní ìjọba tó ń gbè wọ́n. Ẹbí mi ni èmi ní.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, ètè gbogbo wa ti bó. Àsìkò tòmátì gan-an nìyí, àmọ́ ìkòkò mi wà ní dídojúdé. Ní mọ́ṣáláṣí, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé èmi ni mo dábàá ìwé òfìfo, Ìyá Líádì nìkan ló ń dá mi lóhùn dáadáa. Àwọn ọmọ mi, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ń bi mí pé kí ló dé tí Kawu Ràímì, bí wọ́n ṣe ń pe bọ̀ọ̀dá ìyá ẹni níbí, kò yà wá wò mọ́.

Mo gbọ́ pé ó ti pè yín, pé mo dójú ti òun, pé kí n wá tọrọ àforíjì, kí n sì fọwọ́ sí ìwé pé mo mọ̀ sí yíyọ ẹ̀sùn náà. Lọ́yà ní bí àwa márùn-ún bá jẹ́rìí pé a kò mọ̀ sí i, òun á lè tún ẹ̀sùn náà gbé dìde. A ti pé mẹ́rin pẹ̀lú mi. Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀, ó parí. N kò ní fọwọ́ sí i.

Mo mọ ohun tó ń pa yín lẹ́kún. Òun ló ń fi ₦18,000 oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ dákun, Ìyá mi, ẹ má gba toṣù yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé a jẹ nínú rẹ̀. Èmi ni n ó máa san án. Mo ti ta ìkòkò mi kan, mo sì ti fi ₦11,000 sínú àkáǹtì Súlè.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jèrè ọmọ, Ọlọ́run á fi àlàáfíà jíǹkí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. Ẹ kí ìyá Bọ̀ọ̀dá Ràímì náà fún mi. Òun kò ṣẹ̀ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàfúrátù.

Owó oògùn oṣù yìí tí mo ṣì jẹ yín: ₦7,000.