Sùmáyà, Mo Ti Bẹ̀rẹ̀ Kọ̀ǹpútà

Agboolé Fàsásì,
Ìpara Rẹ́mọ.

Sùmáyà ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Gíláàsígò lọ́hùn-ún? Ṣé òtútù náà ti ń fi ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Àwa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọlọ́run tó mú ọ wọ bààlúù tó sì mú ọ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, Òun náà ni yóò mú ọ wọ yàrá ẹ̀kọ́ tí yóò sì mú ọ jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́. Oúnjẹ wọn yóò bá ọ lára mu. Ẹni tó bá ní kí o má gòkè, òun náà ni yóò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Àmín.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Orókùn rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ kì í fẹ́ kí a mọ̀, nítorí tí a bá mọ̀, a ó ní kó máa bá wa ṣa obì. Obì ọdún yìí dára, kòkòrò ò jẹ ẹ́ púpọ̀. Ìyá Àjọkẹ́ tó wà lójúlé kejì sí wa ti ra fóònù ńlá, ó sì ń sọ káàkiri àdúgbò pé òun ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rẹ́ nínú rẹ̀. Mo ní kó pe méjì péré nínú wọn kí wọ́n wá bá a kó igi ìdáná wọlé kí òjò tó dé, kò rí ẹnì kan pè.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí o. Nígbà tí o pè wá lóṣù méjì sẹ́yìn tí o ń sunkún, gbogbo ara mi ló tutù. O ní o fi ọwọ́ ara rẹ kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún ọ, ojú ewé mẹ́jọ, láìsí àṣìkọ kan, o gbé e lọ bá a, ó ní òun ò gba èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, inú kọ̀ǹpútà ni kí o ti fi ránṣẹ́. Ìwọ Sùmáyà, tí olórí ilé-ìwé máa ń gbé ìwé rẹ káàkiri kíláàsì pé kí wọ́n wá wo ọwọ́ ìkọ̀wé! Èmi kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń dun olùkọ́ náà. O wá ní ilé-ẹ̀kọ́ ti ya kíláàsì kan sọ́tọ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú fún àwọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá tí wọn ò mọ kọ̀ǹpútà lò, àmọ́ o ò ní lọ, ojú ń tì ọ́, nítorí pé fóònù nìkan lo mọ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ti mọ kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò. O ní bó bá rí báyìí, o ó máa bọ̀ nílé. Bàbá rẹ ní kí o máa bọ̀, pé iṣẹ́ obì ò béèrè kọ̀ǹpútà. Mo gbé fóònù fún un, mo wọ yàrá, mo sì ń bi ara mi pé kí ni nǹkan yìí gan-an tó fẹ́ lé ọmọ mi kúrò níbi tí Ọlọ́run gbé e dé. Mo ní màá lọ rí i lójúkojú.

Bí mo ṣe gbéra lọ sí Ṣàgámù nìyẹn. O mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn ibi tí mo ti ń ta obì ní Sábó, wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà lókè rẹ̀. Lásúnkànmí lorúkọ olùkọ́ wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pé. Mo mú obì gbàǹja mẹ́wàá dání, mo ní mo wá kọ́ ọ kí n lè máa kọ́ ọmọ mi lórí fóònù. Ó ní kíláàsì kelòó ni ọmọ náà wà. Mo ní yunifásítì ni, ní Sìkọ́tílándì. Ó wò mí títí, kò rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà fún un.

Lọ́jọ́ kìíní, ó ní kí n yan páásíwọọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tí n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni láyé. Mo yan án, mo gbé e mì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ náà ní kí n sọ ọ́ fún òun. Mo kọ̀. Lásúnkànmí ní kí n sọ ọ́ fún un, mo tún kọ̀, mo rò pé ó ń dán mi wò ni. A jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, èmi, òun àti ẹ̀rọ, a ń wo ara wa.

Nígbà tó yẹ kí n ní àpótí ímeèlì tèmi, ẹ̀rọ náà tún ní kí n jẹ́rìí pé n kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Mo bi Lásúnkànmí pé kí ni róbọ́ọ̀tì, ó ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ènìyàn ni. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀rọ ló wá ń bi èmi tí mo bí ọmọ mẹ́rin pé ṣé ẹ̀rọ ni mí! Ó kó àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi, ó ní kí n mú gbogbo èyí tí bọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀. Mo mú bọ́ọ̀sì, mo mú tírélà pẹ̀lú, nítorí pé tírélà ló gbé mi láti Ìsarà dé Interchange Ṣàgámù lọ́jọ́ tí àwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, a sì sanwó. Ó ní mo ṣì í. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ò gba ọ̀nà tiwa kọjá rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìfipamọ́. Lásúnkànmí ní tí mo bá ti tẹ nǹkan, kí n máa fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní tó bá dìparí oṣù, èló ni wọn yóò fi lé e bíi ti báńkì? Ó ní wọn ò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Mo ní nígbà náà n kò fi nǹkan kan pamọ́. Mo tẹ odindi ojú ewé kan nípa bí a ṣe ń fi ewé di obì kó má bàa gbẹ, gbogbo àárọ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Lójijì, iná lọ. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ojú ewé náà ti pòórá. Mo ní kí Lásúnkànmí tètè wọ inú rẹ̀ lọ wá a, kò tíì lè rìn jìnnà. Ọmọ́yẹni, aránṣọ kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga, gbogbo yàrá sì bá a rín in. Mo gbé gèlè mi, mo jáde. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, n kò yọjú.

Sùmáyà, ibi obì tí mo ti ń ṣà ni ọ̀rọ̀ náà ti sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí o ṣe gan-an ni èmi náà ṣe yìí. Bí èmi náà bá sá, ta ló wá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀? Mo fọwọ́, mo wọkọ̀, mo padà. Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun ti rò pé òun ló lé mi lọ. Ó wá sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni iṣẹ́ tòun ti pòórá kí n tó dé.

Ọjọ́ yẹn ni mo tẹ orúkọ mi, Hàbíbátù. Ẹ̀rọ náà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ Fàsásì, ìlà pupa. Ìpara, ìlà pupa. Ìsarà, ìlà pupa. Mo ní ṣé kò sí ẹni rere kankan ní gbogbo Rẹ́mọ ni? Lásúnkànmí ní n kò ṣì í kọ, ẹ̀rọ náà ni kò gbọ́ orúkọ wa rí, pé a lè fi mọ̀ ọ́n. Ó fi ibi tí màá tẹ̀ hàn mí. Mo tẹ̀ ẹ́, ìlà náà kúrò. Ọmọ mi, mo fi gbogbo agboolé wa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, láti orí bàbá bàbá rẹ dé orí ọmọ tuntun ilé Ìyá Àjọkẹ́. Tìrẹ ni mo fi kádìí, mo sì tẹjú mọ́ ọn títí ìlà fi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan tó ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti mọ̀ wá ni.

Mo wá kọ gbogbo èyí sí ọ, mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá. O dáhùn pé Màámi, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n òfìfo lẹ fi ránṣẹ́, ẹ ò so ìwé náà mọ́ ọn. O wá kọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ tẹ ibí, ẹ wá ìwé náà níbí, ẹ mú un, ẹ dúró kó wọlé tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Lásúnkànmí kà á, ó ní ẹni tó kọ èyí mọ iṣẹ́. Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo ní ta ló kọ́ ọ. O ní inú kíláàsì Ọjọ́rú ni. O ní o ti lọ yọjú wò ó, o bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó dàgbà ju bàbá rẹ lọ, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, ìwọ lo sì tàn án fún un. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Lásúnkànmí rò pé nǹkan tún ti pòórá.

Ìwé náà nìyí, mo kàn fi ìyókù kún un ni. Mo ti so ó mọ́ ọn, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ ní kí n tẹ orúkọ òun jáde sórí bébà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, kò sì sọ pé kí o máa bọ̀ nílé mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lásúnkànmí kọ́ wa lánàá bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà nǹkan. Ó ní o lè mú un níbì kan, kí o lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, èyí tó wà níbi àkọ́kọ́ ò sì ní dín kù rárá. Nítorí náà, kò lè ni ọ́ lára. Jọ̀wọ́, ṣe ẹ̀dà owó díẹ̀ nínú báńkì rẹ lọ́hùn-ún, kí o lẹ̀ ẹ́ sínú tèmi, fún owó kíláàsì mi oṣù tó ń bọ̀ àti oògùn orókùn bàbá rẹ. Bí kò bá lẹ̀, má fi dandan ṣe é o, mo ṣì ń ta obì.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ níyè. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ojú ò ní tì ọ́ láwùjọ. Lọ́jọ́ tí wọn yóò pè ọ́ síta pé kí o wá gba ìwé-ẹ̀rí, wọn yóò pe orúkọ rẹ já gaara, èmi àti bàbá rẹ yóò sì wà níjòókòó níbẹ̀. Ìwọ ni wọn yóò pè, ṣùgbọ́n èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàbíbátù.