Wọ́n Ní Kí O Dúró Síbi Ògiri

Ọmọ mi, dókítà ọ̀la,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí ìwé nìkan lò ń jẹ? Olúwa tó bá ọ wọ yàrá ńlá àpérò yẹn tó sì bá ọ jáde kò ní padà lẹ́yìn rẹ. Àlàáfíà la wà, bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n jókòó, ó sì sàn kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi ni mo kó èèyàn jọ tí wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ sábẹ́ àwòrán rẹ.

O sọ fún wa pé ò ń lọ sí àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé, pé wàá fi iṣẹ́ tí o ṣe lórí omi kànga han ayé. Mo rò pé orí pèpéle ni wọ́n máa gbé ọ sí. Àfi bí onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ṣe na fóònù sí mi, pé kí n wá wo ọmọ mi lórí ayélujára. Ìwọ rèé lórí ìdúró níbi ògiri, wọ́n lẹ ìwé gbàgàdà kan mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ, àwọn èèyàn ń mu tíì kọjá níwájú rẹ. Èmi náà ka sẹ́kọ́ńdírì délẹ̀ o, mo mọ ìjìyà tí mo bá rí i. Nígbà tí mo wá rí ìlà pupa inú ìwé náà, tó bẹ̀rẹ̀ lókè téńté tó ń já bọ̀ títí ó fi kanlẹ̀, mo ní ó parí, máàkì ọmọ mi nìyẹn, wọ́n ní kó dúró tì í kí ayé lè rí i. Onídìrí ní ṣebí ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán. Mo ní bọ́rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi í rín.

Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin olùkọ́ àgbà, ẹ dákun, èmi tí mo bí i ni mo kúnlẹ̀ yìí, kì í ṣe olóríkunkun, ẹ jẹ́ kó jókòó. Mo ké sí ẹgbẹ́ àwa télọ̀. Alága wa kọ tirẹ̀, ó ní bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ẹ fi tòsì fà á mọ́ra. Bàbá rẹ tí kì í bẹ èèyàn gba fóònù, ó kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ó dá fóònù padà, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí o wá pè, o ní iṣẹ́ rẹ ló gbégbá orókè! O ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń dúró tì í. O ní kòkòrò inú omi ni ìlà pupa, pé láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọmọrí dé kànga ló ti ń kú. Mo jó dé títì. Kó máa já bọ̀! Kó wọlẹ̀ lọ pátápátá! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìtìjú mú mi, mo ní mo ti ba ọmọ mi jẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ pa ẹ̀bẹ̀ náà rẹ́, onídìrí ní ó ti bọ́, ẹ̀bẹ̀ wa ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà tó yá ni ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà náà dá mi lóhùn, ó ní kí ìyá dìde, pé ẹ̀rín lòun bá wá, àmọ́ iṣẹ́ ọmọ mi lòun kà lọ. Ọ̀pọ̀ ló kọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ni mo ń dá lóhùn, a kì í kí èèyàn kó dákẹ́. Kódà ẹni tó kàn na àtàǹpàkò sí wa, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù wa ló wá yà mí lẹ́nu. Ṣé o rántí bí o ṣe bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi ọmọrí dé kànga ẹ̀yìnkùlé, tó ní omi tí bàbá òun mu dàgbà ni? Ó ti ka iṣẹ́ rẹ lórí fóònù. Ó rí àwòrán kànga kan níbẹ̀, ó ní kànga òun ni, gbogbo ayé ti rí ẹnu rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Mo ní kànga jọ kànga, ó ní kí n má tan òun. Láàárọ̀ àná ló mú alágbẹ̀dẹ wá, irin ni wọ́n fi ń ṣe ọmọrí náà.

Ibẹ̀ lowó ti wọ̀ ọ́. Ó ní kí gbogbo ayálégbé dá sí i, pé tiwa gbọ́dọ̀ jù, nítorí ọmọ wa ló tú àṣírí òun. Bàbá rẹ ń bínú. Èmi ò rí ìbínú bí, orí mi ló ń wú. Nítorí náà, fi owó ọmọrí ránṣẹ́, kí o fi ti dátà lé e, mi ò tí ì dá àwọn tó kí wa lóhùn tán.

Ìwọ tí o jókòó sí ìlú ńlá tí o fi bo kànga wa, Olúwa yóò fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.