Ibi Tí Ọwọ́ Màmá Bùsọ́lá Mọ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Èmi Táófíìkì yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Mowe níbí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wà nítòsí, ẹ̀ bá ti ní kí n tètè dìde kí aṣọ mi má baà dọ̀tí. Bàbá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí? Mo kí Ìyá Àgbà, tí wọ́n máa ń ní mo ti gbàgbé àwọn. Ẹ sọ fún wọn pé ojoojúmọ́ ni mò ń rántí wọn, pàápàá bí mo bá jẹ ẹ̀kọ tí kò dùn. Mo kí Àǹtí Sìkírá, tí wọ́n ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Ẹ ní kí wọ́n rọra máa kà á, kí wọ́n má sì fo ibi tí orúkọ àwọn fúnra wọn bá wà.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kẹ́yìn, ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, torí pé àwọn ará àdúgbò ń bi yín, ẹ ò sì mọ ohun tí ẹ máa wí ju pé mò ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ dáhùn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo wá rò ó pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì jẹ́ kí àwọn tó kúrò nílé bíi tèmi bá yín kà á, torí pé ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àṣìṣe inú rẹ̀ sì jẹ́ tèmi.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ilẹ̀ Mowe pupa, ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í sì í fẹ́ fi bàtà ẹni sílẹ̀. Bàtà méjì ni mò ń mú jáde láràárọ̀: ọ̀kan tí mo fi ń la ẹrẹ̀ dé etí ọ̀nà márosẹ̀, èkejì tí mò ń wọ̀ bí mo bá dé Ìbàfò. Yàrá tí mo gbà kò jò, ẹ bá mi dúpẹ́. Owó kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n n kì í fi ebi sùn. Sọ́ńdè ló máa ń ṣe mí bákan. Gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé inú ọgbà á wọṣọ, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ tọmọtọmọ, ilé á dákẹ́ títí di ọ̀sán. Aṣọ tí kò dọ̀tí ni mo máa ń fọ̀ nígbà náà. Àárò yín ń sọ mí gan-an, ìyá mi, n ò ní purọ́.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà létí títì ní Ìbàfò. A máa ń tẹ ìwé, a máa ń ṣe ẹ̀dà, a sì máa ń ṣe ìwé ètò ìsìn fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé ọmọ Mùsùlùmí ló ń to orin ìsìn fún wọn. Mo ti há púpọ̀ nínú wọn sórí. Ọ̀gá wa ń gbé Ifọ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kejì níbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń wá wò wá. Ọjọ́ tó kù, èmi àti Màmá Bùsọ́lá la máa ń wà níbẹ̀.

Màmá Bùsọ́lá ni atẹ̀wé wa. Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ yín. Ọmọ Ìkìrun ni wọ́n, ọkọ wọn ti ṣaláìsí, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Òṣogbo ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ tàpúráítà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Wọ́n ní olùkọ́ wọn máa ń fi aṣọ bo ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà wo bọ́tìnì, ẹni tó bá sì ṣí aṣọ wò, rúlà ló máa jẹ. Láti ìgbà náà, wọn kì í wo ọwọ́ wọn, wọn kì í sì í wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìwé tí oníbàárà fọwọ́ kọ ni wọ́n ń tẹjú mọ́, ọwọ́ á sì máa sáré lọ. Ìgbà tí wọ́n bá parí ni wọ́n ń gbójú sókè. Àwọn náà ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi ní gbogbo Mọ́ńdè. Wọ́n á ní àjẹkù Sọ́ńdè ni, ṣùgbọ́n ẹran tó máa ń wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àjẹkù.

Iṣẹ́ mi wá nìyí. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà pọ̀, wíwá èyí tí èèyàn fẹ́ sì máa ń gba àkókò. Mo ṣe àpótí kékeré kan sójú rẹ̀. Ẹ ó tẹ bọ́tìnì kan, àpótí náà á yọ. Ẹ ó tẹ lẹ́tà díẹ̀ lára orúkọ ohun tí ẹ ń wá, á to gbogbo èyí tó bá a mu sísàlẹ̀. Ẹ ó fi bọ́tìnì sọ̀kalẹ̀ dé orí èyí tí ẹ fẹ́, ẹ ó tẹ Ẹ́ńtà, á ṣí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ ní Dámilóhùn, torí pé bí ẹ bá pè é, á dá yín lóhùn. Èmi ni mo kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì fi í sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Màmá Bùsọ́lá fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ, torí kò jẹ́ kí wọ́n máa fi máọ̀sì wá nǹkan kiri mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú tí a ti ṣe kalẹ̀, wọ́n á tẹ ‘ètò’, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ẹ́ńtà. Ọwọ́ wọn ti mọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní ó yẹ kí Dámilóhùn gbọ́n sí i. Mo wá ṣe é kó jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ni yóò máa bọ́ sókè, kí ó má baà jìnnà sọ́wọ́. Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni mo fi í sórí kọ̀ǹpútà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu. Ó sì yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́.

A ti parí ìwé ètò ìgbéyàwó kan lọ́jọ́ náà. Ìyá ìyàwó ti kà á, ó ní ó dára, ká ṣáà tẹ̀ ẹ́ jáde ló kù. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn kan wá fún wa ní iṣẹ́ ìsìnkú ìyá wọn. Màmá Bùsọ́lá tẹ ‘ètò’, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ẹ́ńtà. Àwọn orúkọ sì ti yí ipò padà látàárọ̀. Ibi tí ètò ìsìnkú máa ń wà, ètò ìgbéyàwó yẹn ló wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n, òdòdó kan náà ló wà létí ìwé méjèèjì. Wọ́n pa ohun tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n tẹ orúkọ olóògbé sí i, wọ́n fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, ohun tí wọ́n tẹ̀ náà ni wọ́n rí. Àwọn oníbàárà ní àwọn ń lọ mú fọ́tò wá, ni Màmá bá pa ìwé náà dé. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo tẹ ìwé ìgbéyàwó jáde. N kò wo iwájú rẹ̀, nítorí a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dì í sínú páálí.

Ìyá ìyàwó dé, ó ní kí òun wò ó. Ohun tó rí níwájú ìwé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni ‘Ìdágbére fún Màmá Wa Ọ̀wọ́n’. Kò pariwo. Ó rọra gbé páálí náà sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó wá bèèrè pé ta ló rán wa sí ọmọ òun. Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀gá wa wà níjòókòó. A bẹ̀bẹ̀, a sì tún òmíràn tẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní àfi kí a jó ti àkọ́kọ́ lójú òun. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, ìwé kò tètè gbiná. Ó dúró tì í, ó ń gbàdúrà, títí gbogbo rẹ̀ fi di eérú.

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá sọ fún Màmá Bùsọ́lá pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó, kí wọ́n máa lọ sinmi bí oṣù bá parí. Wọ́n ní kí èmi wá ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí pé ṣé àwọn ṣi bọ́tìnì tẹ̀ ni. Mo ní n ò mọ̀. Ìyá mi, mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí iwájú ìwé yẹn ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rù bà mí ni. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, èmi ni wọ́n máa ní kó máa lọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí yín yìí.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n tún gbé oúnjẹ wá. Ẹran inú rẹ̀ kò dín. N kò lè jẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kó nǹkan kúrò níbi tó wà. Ẹ̀yin ni mo rántí. Ṣé ẹ rántí ọdún tí Àǹtí Sìkírá wá kí yín, tí wọ́n to ilé ìdáná yín lẹ́sẹẹsẹ, agolo ńlá lẹ́yìn, agolo kékeré níwájú? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ọwọ́ mú iyọ̀ láìwo ibẹ̀, ẹ bu káún sọ́bẹ̀. Àǹtí Sìkírá lẹ bínú sí, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ohun tí mo ṣe fún Màmá Bùsọ́lá gan-an nìyẹn. Ẹ má bínú, Àǹtí, ẹ máa kà á lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Àgbàdo lọ bá ọ̀gá ní Ifọ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó dúró títí ìwé fi jóná tán kó tó sọ̀rọ̀, kí ni kí àwọn pe irú rẹ̀. Wọ́n wá ní kí n lọ tún un ṣe. Wọ́n ní ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á jókòó ti Màmá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí iṣẹ́ wọn bá yọrí láìlábùkù, ìjókòó wọn ṣì jẹ́ tiwọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí àwa méjèèjì jọ máa lọ.

Gbogbo ọjọ́ tó kù, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Bùsọ́lá, mò ń wo ọwọ́ wọn. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mi. Mo jẹ́ kí ohun tí èèyàn bá ti máa ń mú bí ó bá tẹ àwọn lẹ́tà kan dúró sí àyè rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ tuntun, ìsàlẹ̀ ni yóò tò sí. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá pẹ́ kó tó rí kò gbọ́dọ̀ ti èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò láyè. Mo fi àwọ̀ sí wọn, kí ìsìnkú má baà jọ ìgbéyàwó mọ́. Màmá wá ní ó ku ohun kan. Wọ́n ní tàpúráítà ayé ìgbà tiwọn máa ń lu agogo bí ìlà bá fẹ́ẹ́ tán, kí ẹni tí kò wò ó lè gbọ́. Wọ́n ní bí ohun tí àwọn pè bá fi ibi tó máa ń wà sílẹ̀, kí Dámilóhùn lu agogo kó tó ṣí i. Èmi tí mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Ọjọ́bọ̀ náà dé. Ọ̀gá jókòó tì wọ́n lóòótọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá fúnra wọn lọ gbé ìwé kan kúrò láyè rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà láìsọ fún wa, láti dán wa wò. Màmá tẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀, agogo dún. Ọwọ́ wọn dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n mú èyí tó tọ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tí ọ̀gá ń lọ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n sọ fún Màmá pé ìjókòó wọn ṣì jẹ́ tiwọn, àti pé kí wọ́n bá àwọn wá sí Ifọ̀ ní Mọ́ńdè, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, ìyá mi. Bí àwọn ará àdúgbò bá tún bi yín, ẹ ní ọmọ yín ń ṣe é kí èèyàn lè bá ohun tó ń wá níbi tó fi í sí. Mo ti gbé Dámilóhùn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì ti ń mú un lò ní ìlú tí n kò dé rí, agogo yẹn sì ni wọ́n ń yìn jù. Mo sọ fún wọn pé ti Màmá Bùsọ́lá ni.

Mo fọwọ́ kọ lẹ́tà yìí ni, Màmá Bùsọ́lá ló sì bá mi tẹ̀ ẹ́; ibi tó kù yìí nìkan ni mo fi ọwọ́ kọ kún un. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mo ti ní n ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn fo ibẹ̀, torí ìyá mi ló máa gbọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà àti àlùbáríkà sí ilé wa, kí ó fún orúnkún Bàbá lókun, kí ó dá Ìyá Àgbà sí kí wọ́n lè máa bá mi jà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Màmá Bùsọ́lá ní kí n kí yín, wọ́n ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, àwọn ń rí i pé mò ń jẹun.

Èmi ni ọmọ yín,
Táófíìkì